Ọ̀rá Màlúù, Òróró Sóyà àti Ọwọ́ Ìyá Mi

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi mí: n ò fẹ́ràn adìyẹ. Mo máa ń jẹ ẹ́ o, jíjẹ ò ní wàhálà. Àmọ́ kí n máa sìn ín, kí n máa gbọ́ òórùn rẹ̀ lára aṣọ tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí n máa gbé e sórí ìwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tuntun, Ọlọ́run ló mọ̀ pé n ò tọrọ rẹ̀. Ìwé kíkà ló kó mi sí i. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta nígbà náà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé ìwé gírámà kan ní Ìkàrẹ́, ìwé ẹ̀rí NCE tí mo gbà nígbà ọ̀dọ́ náà ni mo ṣì ń gbé kiri. Ọmọ kan tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ebè, tí mo nà ní pàṣán nítorí pé ó sùn ní kíláàsì, òun ló wá di igbákejì ọ̀gá lé mi lórí. Ó máa ń kí mi dáadáa o. Á tẹrí ba, á ní, "Ẹ káàárọ̀ mà," á wá na ìwé sí mi pé kí n kọ àkókò tí mo dé síbẹ̀. Màá sì kọ ọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì ní Àkùngbá, ní ẹ̀ka àwa tí a ń ṣiṣẹ́ tí a ń kàwé. Ọdún tí wọ́n fún wa láti fi parí ti fẹ́ tán. Ìyanṣẹ́lódì jẹ lára rẹ̀, àìsàn ọkọ mi jẹ lára rẹ̀, ohun tó kù ò ju pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá lọ, kí n ṣe é, kí n kọ ọ́, kí wọ́n bi mí léèrè ọ̀rọ̀, kí n máa lọ sílé mi. Bí n ò bá ṣe é tán, gbogbo ọdún tí mo ti lò níbẹ̀ di òfo. Wọn ò ní lé mi o, wọ́n á kàn pa orúkọ mi rẹ́.

Dókítà tí wọ́n ní kó máa bójú tó iṣẹ́ mi, olùkọ́ yunifásítì ni o, kì í ṣe ti ilé ìwòsàn, ká ní mo tètè bímọ ni, ǹ bá ti bí i. Èmi ń pè é ní sà, òun ń pè mí ní màmá, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín sí i nínú àwa méjèèjì. Òun ló yan iṣẹ́ fún mi. Ó ní kí n wádìí irú ọ̀rá tó dára jù nínú oúnjẹ burọ́ílà, adìyẹ ẹlẹ́ran tí kì í lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje lọ kó tó di ohun tí à ń pa. Epo pupa ni, àbí òróró sóyà, àbí ọ̀rá màlúù? Burọ́ílà nílò ọ̀rá, torí ọ̀rá ló ń fún un lágbára tó fi ń yára dàgbà. Ṣùgbọ́n ikùn òròmọdìyẹ ò gba gbogbo ọ̀rá bákan náà. Òróró tó ń ṣàn á wọ̀ ọ́ lára wẹ́rẹ́. Ọ̀rá màlúù tó ń dì gbagidi bí àbẹ́là nígbà ọyẹ́, ọmọ adìyẹ ò mọ ohun tó máa fi í ṣe, àfi tó bá dàgbà díẹ̀. Mo ti ka gbogbo ìyẹn nínú ìwé. Wọ́n ní kí n lọ fi ojú ara mi rí i.

Onílé mi ní Ìkàrẹ́ ní òun ò kọ́ ilé fún adìyẹ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kó àwọn òròmọdìyẹ náà, àádọ́rùn-ún, lọ sí ilé ìyá mi ní Ọ̀kà. Ilé ìdáná àtijọ́ wà lẹ́yìnkùlé níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́. Mo fi ọparun àti àwọ̀n pín in sí mẹ́ta, ọgbọ̀n adìyẹ lọ́nà kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ, àgbàdo, sóyà díndín tí a lọ̀, ẹja lílọ̀, egungun lílọ̀ àti iyọ̀ díẹ̀. Ọ̀rá inú rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Dókítà tilẹ̀ ní àgbàdo funfun ni kí n lò, nítorí pé àgbàdo pupa máa ń sọ ẹsẹ̀ adìyẹ di pupa rẹ́súrẹ́sú, kò ní jẹ́ ká mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ epo.

Ọ̀rá màlúù yẹn! Ọwọ́ alápatà ni mo ti ń gbà á ní ọjà Ìkàrẹ́, màá gbé e kaná lẹ́yìn ilé kó lè yọ́, àwọn ará ilé á máa ti fèrèsé wọn gbàgà gbàgà. Màá pò ó mọ́ oúnjẹ, màá di àpò mẹ́ta, màá gbé e sí ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó di Ọ̀kà. Ìyá mi ò mọ̀wé, nítorí náà mo so àkísà pupa mọ́ ẹnu àpò elépo, mo so funfun mọ́ ti olóróró sóyà, mo so dúdú mọ́ ti ọlọ́ràá. Mo so irú àkísà kan náà mọ́ ẹnu ọ̀nà wọn. Mo máa ń lọ ní Ọjọ́rú lẹ́yìn tí ilé ìwé bá jáde, àti ní gbogbo Sátidé láti lọ wọ̀n wọ́n. Ọjọ́ yòókù, ìyá mi ló ń fún wọn lóúnjẹ, ìyá tó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé fún un, ó gbé àpò aládúdú sún mọ́ imú, ó sì gbé e jìnnà.

"Ọ̀rá tó ń dì mọ́ wa lára ìkòkò yìí lo fẹ́ máa fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ?"

"Màámi, ìwádìí ni."

"Ìwádìí kí ni? Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé epo dáa, ṣé ẹ ò lè wá bi mí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo yẹ kí n ti mọ̀ o. Inú ilé yẹn ni mo dàgbà sí. Tí ìyá mi bá se orí ẹja kan, orí yẹn á di ègé mẹ́fà bí a bá jẹ́ mẹ́fà. Tí àlejò bá mú búrẹ́dì wá fún ẹnìkan, gbogbo ilé ló mú un wá fún. Ẹnìkan kì í jẹun nílé ìyá mi kí ẹnìkejì máa wò ó lẹ́nu. Bí a bá jẹ àjẹtán tí a ò rántí ẹni tó lọ sóko, á ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Irú ẹni tí mo gbé adìyẹ mẹ́ta-ọ̀nà lé lọ́wọ́ nìyẹn, tí mo ní kó máa fún èyí ní dídùn, kó máa fún tọ̀hún ní kíkan. Orí mi pé sí ibi gbogbo, kò pé síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ìkejì, ìkẹta, bí ìwé ṣe wí ló ń rí. Àwọn olóróró sóyà ń dàgbà bí ẹni tí wọ́n ń fà lókè, àwọn elépo ń tẹ̀ lé wọn pẹ́kípẹ́kí. Àwọn ọlọ́ràá rí játijàti, ìyẹ́ wọn gbẹ, wọ́n á kóra jọ sí igun kan, ọ̀rá á dì mọ́ oúnjẹ wọn bí amọ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n ta jí. Mo gbé wọn sórí ìwọ̀n, mo tún wọn gbé. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àwọn yòókù. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba bí ẹni fi okùn wọ̀n wọ́n.

Kí n má purọ́, inú mi dùn débi tí mo fi ń dá rẹ́rìn-ín lórí ọ̀kadà. Ṣé ẹ rí i, ìwé ní àwọn ọlọ́ràá máa ń gbérí díẹ̀ tí wọ́n bá dàgbà, ìwé ò ní wọ́n máa ń dọ́gba. Mo ní ọwọ́ mi ti tẹ nǹkan tuntun. Mo ní bóyá ọ̀rá màlúù Ìkàrẹ́ yàtọ̀ sí ti ibòmíràn, bóyá bí mo ṣe ń yọ́ ọ ni. Èmi tí mo ń kọ àkókò tí mo dé síwájú ọmọ tí mo nà ní pàṣán! Mo jókòó, mo kọ odindi ojú ìwé méjì nípa ohun tí mo rí, mo sì gbé e lọ bá dókítà ní Àkùngbá.

Ó kà á tán. Ó tún un kà.

"Màmá, ẹsẹ̀ wọn ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ wọn le dáadáa, sà."

"Àwọ̀ ẹsẹ̀ wọn ni mò ń bèèrè."

"Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó dára."

"Ti àwọn elépo?"

"Ti gbogbo wọn, sà."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo wolẹ̀. Òun náà gbé ojú kúrò lára mi, ó ń wo tábìlì. Ó rọra sọ ọ́, kó má bàa dójú tì mí jù: "Màmá, ọ̀rá màlúù kì í pa adìyẹ láró."

N ò padà sí Ìkàrẹ́. Ọ̀kà ni mo gbà lọ tààrà. Ìyá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń pa ẹ̀gúsí.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń fún àwọn adìyẹ yìí jẹ?"

"Oúnjẹ wọn ni." Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Oúnjẹ ta ni fún ta ni?"

"Ti gbogbo wọn fún gbogbo wọn."

Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé. Láti ìgbà tí àwọn aládúdú ò ti lè rìn dáadáa ni àánú wọn ti ń ṣe òun. Òun wá ń bu igbá kan lára ti alákìísà pupa fún wọn, òun ń bu ti aláfunfun kún un. Kí àwọn elépo má bàa rò pé àwọn sàn ju ẹlòmíràn lọ, òun ń bu ti ọlọ́ràá fún àwọn náà, òun sì ń bu ti elépo àti ti ọlọ́ràá fún àwọn aláfunfun. Ìgbà tí n bá ń bọ̀ ní Ọjọ́rú àti ní Sátidé ni kálukú máa ń jẹ tirẹ̀, nítorí òun mọ̀ pé n ò ní fẹ́. Ó ní, "Ṣé o rí i báyìí? Gbogbo wọn ló ti dọ́gba." Inú rẹ̀ dùn. Ó ń retí kí n dúpẹ́.

Mo bínú dé ibi tí n ò tíì bínú dé rí. Mo ju báàgì mi sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ ti ba ayé mi jẹ́, Màámi! Ẹ ti bà á jẹ́ pátápátá!" Mo ní ọdún mélòó ni mo fi ń lọ tí mo fi ń bọ̀, mo ní nítorí adìyẹ, adìyẹ lásánlàsàn, wọ́n á pa orúkọ mi rẹ́. Ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn ògiri ilé kejì, mo mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́, n ò dákẹ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo fọ́ odindi agbọ̀n ẹyin sílẹ̀ níwájú ìyá tó bí mi.

Ó ń pa ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ títí mo fi sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀, ó fi ẹnu Ọ̀kà sọ ọ́, èyí tí a máa ń fi sọ òótọ́ nílé wa. Yorùbá inú ìwé ni mo fi ń kọ ọ́ síbí. Ó ní òun ò tíì tó ọmọ ọdún méje tí ìyá òun fi kú. Ó ní ìyàwó tí bàbá òun fẹ́ lẹ́yìn náà ló ń dáná, àwọn ọmọ tirẹ̀ ń fi epo jẹ iṣu, iyọ̀ ni òun àti àbúrò òun ń fi jẹ ẹ́. Inú yàrá kan náà, orí ẹní kan náà. "Kò lù wá o, kò fi ebi pa wá. A sáà ń wo epo lẹ́nu wọn." Ó tún mú ẹ̀gúsí kan, ó pa á. "N ò mọ̀ pé á ba ayé rẹ jẹ́. Má bínú."

Ìyá mi ló ní kí n má bínú. N ò mọ ibi tí màá fi ojú mi sí. Mo gbé báàgì mi, mo wá ọkọ̀ Ìkàrẹ́ lọ. N ò bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ̀ mí jù láti bẹ̀bẹ̀, ẹ̀rí ọkàn mi ò sì jẹ́ kí n sùn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní yàrá àwọn olùkọ́ ní kí ló dé tí mo ń da ara mi láàmú. Ó ní kí n jókòó, kí n ronú iye tó yẹ kí adìyẹ kọ̀ọ̀kan wọ̀n, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, ta ló fẹ́ lọ jí adìyẹ tí wọ́n bá ti jẹ dìde? Mo mú bíròó. Mo kọ ìlà mẹ́ta. Kì í ṣe ìwà mímọ́ ló dá mi dúró o, ẹ má yìn mí. Irọ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ máa rántí ohun tó pa, ó sì ti rẹ̀ mí kọjá ìyẹn. Mo fa ìwé náà ya.

Lọ́jọ́ kẹta, fóònù mi dún nígbà tí mo wà ní kíláàsì. Dókítà ni. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ ní Àkùngbá. Màmá yín wà ní ọ́fíìsì mi." Háà! Ìyá tí kì í dá rìn ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ! Ó ti dá béèrè ọ̀nà láti Ọ̀kà, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé nínú ọgbà yunifásítì pé òun ń wá tíṣà tó ní kí wọ́n fún adìyẹ ní ọ̀rá màlúù. Wọ́n sì mú un débẹ̀.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀. Dókítà náà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ níwájú rẹ̀, táì rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde. Ìyá mi ní òun ò dìde. "Ọwọ́ mi ló ṣe é. Ọmọ mi ò mọ̀ sí i. Ẹ má pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, ẹ dákun." Mo dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn bí ọ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èmi náà kúnlẹ̀, ó wá di àwa mẹ́ta nílẹ̀, akọ̀wé kan yọjú, ó sì yára padà sẹ́yìn.

Dókítà ní òun ò lè gba iṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó ní òun á kọ̀wé pé kí wọ́n fún mi ní sáà kan ṣoṣo sí i, kí n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó bá ìwé náà rìn fúnra rẹ̀ láti ọ́fíìsì kan dé èkejì. Wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kò sí òmíràn mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Mo tún ra àádọ́rùn-ún. Mo ní kí n wá ẹlòmíràn tó máa bá mi bọ́ wọn, ìyá mi ní òun ni. "Àkísà pupa fún pupa, funfun fún funfun, dúdú fún dúdú. Mo ti gbọ́." Kò bá mi ṣe àwàdà. Láti ọjọ́ tí mo ti jágbe mọ́ ọn, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀, ó ń kí mi kú ọ̀nà, ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Oṣù ọyẹ́ la bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá dì nínú àpò, ó ń di kúlúkúlú. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn aládúdú tún kóra jọ sí igun, wọ́n kéré, ìyẹ́ wọn gbẹ, ẹsẹ̀ wọn funfun bí iyẹ̀pẹ̀ odò. Mo wò wọ́n, inú mi dùn pé wọn ò dàgbà. Ẹ gbọ́ ohun tí ìwé sọ mí dà.

Iṣẹ́ náà yọrí. Àwọn olóróró sóyà ló wúwo jù, elépo tẹ̀ lé wọn, ọlọ́ràá ṣe díẹ̀ sí i nígbà tí wọ́n dàgbà àmọ́ wọn ò bá àwọn yòókù, nígbà tí a sì pa wọ́n, ọ̀rá tó dì sínú ikùn wọn ló pọ̀ jù. Bí ìwé ṣe wí náà ló rí, n ò rí nǹkan tuntun kan. Mo yege, mo gba dìgírì mi, orúkọ mi wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń kí mi kú oríire, mo ń ní ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n Sátidé kan ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ìgbà kejì yẹn ni. Mo ti wọn adìyẹ tán, ẹ̀yìn ń ro mí, mo wọlé láti wá omi mu. Ìyá mi jókòó sórí àpótí, ó ń jẹ iṣu sísè. Iṣu funfun báláú, iyọ̀ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ àwo, kò sí nǹkan mìíràn. Mo rò pé epo ti tán, mo ti fẹ́ nawọ́ sí owó nínú báàgì mi. Mo wá rí kẹ́ẹ̀gì epo lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó kún dé ọrùn, eruku ti bo ọmọrí rẹ̀.

"Màámi, kí ló dé tí ẹ ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé dókítà ilé ìwòsàn ní kẹ́ ẹ má jẹ epo ni?"

"Rárá."

"Láti ìgbà wo?"

Ó ń jẹ iṣu ẹnu rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, eyín rẹ̀ ò pọ̀ mọ́. "Láti ìgbà tí o ti kó wọn dé." Ó fi orí tọ́ka sí ẹ̀yìnkùlé. "O ní kí n má bu epo fún àwọn aládúdú, n ò bù ú fún wọn. Èmi ò wá lè máa jẹ ẹ́ lójú wọn."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó ń run adìyẹ. Mo ní, "Ẹ má bínú, Màámi. Ẹ forí jì mí, ayé mi ò bàjẹ́." Ó ti àwo náà sún mọ́ mi, mo mú ègé kan, mo fi kan iyọ̀, mo fi sẹ́nu. Ó gbé omi fún mi. Ó ní kí n rọra máa gbé e mì, pé láìsí epo, iṣu máa ń há èèyàn lọ́fun.